Ọ̀gá Tó Jókòó Sórí Àga Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bẹ Ọlọ́run títí pé kó jẹ́ kó tán lọ́kàn àwọn tó wà níbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lọ́jà Fìdítì, ẹnì kan á rọra bi mí pé, "Gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀gá ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Ó wà lórí igi." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì máa bá tèmi lọ. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu Sùlé ọlọ́kadà, nítorí ojoojúmọ́ ni tiẹ̀ ń gùn sí i.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mò ń ṣe. Ìwé mi ò pọ̀. Mo ka ìwọ̀nba tí mo lè fi ka téèpù tí a fi ń wọn pákó, àti mẹ́sẹ́jì orí fóònù, ó sì tó mi. Igi ni mò ń gé jẹun, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń gbé lórí igi pátá ló ń bà mí lẹ́rù. Bí alángbá bá mi orí sí mi, ohun tí mo máa ń rò ni pé ẹnì kan ti ní kó bù mí jẹ, òun náà sì ti gbà. Bí ìyàwó mi bá ra ìgbín, tí ìgbín náà bá na ìwo jáde, màá ti kúrò ní kíṣìnì. Nígbà kan, kòkòrò kékeré kan yọ jáde nínú pákó tí mò ń là. Mo ju ayùn sílẹ̀, títì ni mo bá ara mi. Oníbàárà tó ni pákó náà rò pé iná ló ń jó ṣọ́ọ̀bù, òun náà bá mi sá.

Ẹ wá wo irú ọmọ tí Ọlọ́run gbé wá sílé irú èmi yìí. Rísíkà ni orúkọ ẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, tó ti ń wọ mọ́tò lọ sílé ìwé gíga ní Ọ̀yọ́. Ọmọ náà kì í wo tẹlifíṣọ̀n. Àyíká ilé wa yìí ni tẹlifíṣọ̀n tiẹ̀. Ó lè lóṣòó sídìí ògiri títí oúnjẹ á fi tutù, nítorí pé eèrà ń gbé òkú aáyán kọjá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wò ó, ó dà bíi pé wọ́n ń sìnkú olówó."

"Mo ti ń rí i láti ibí."

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ wà."

"Ojú mi ríran dáadáa."

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹyẹ ẹ̀gà tó ń hunlé lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa ni. Rísíkà ní akọ ló ń hunlé, bí abo bá wá wò ó tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n á tú ilé náà palẹ̀, akọ á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gà ò lè bù mí jẹ láti orí ọ̀pẹ, nítorí náà mo jáde lọ wò ó. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo mọ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ń gbé ní Ìlọrà. Bàbá náà ti darúgbó, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò tíì darúgbó. Tó bá wo pákó lẹ́ẹ̀kan, á sọ ibi tó ti wọ́. Nígbà tí a wà ní ọmọṣẹ́, kì í bú wa, kì í nà wá. Á kàn dákẹ́ ni, á máa yí ojú káàkiri iṣẹ́ tí o ṣe, àwọ̀ ojú ẹ̀ á máa yí padà díẹ̀díẹ̀, ìwọ fúnra ẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó yọ. Ó ní òfin kan: ọmọṣẹ́ tó bá fẹ́ kí i gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì gbọdọ̀ gbójú sókè títí òun á fi sọ pé, "Ó tó." Nígbà mìíràn ó máa ń gbàgbé láti sọ ọ́. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún un rí tí oorun gbé mi lọ.

Ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, wọ́n ń kọ́ mọ́sáláṣí tuntun kan ní Ìlọrà, ọ̀gá ni wọ́n sì gbé ilẹ̀kùn ńlá ẹnu ọ̀nà ẹ̀ fún. Ọwọ́ ẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó wá ní òun máa mú ọ̀kan nínú àwa ọmọṣẹ́ òun àtijọ́ pé kó ṣe é. Ẹ ò lè mọ bí mo ṣe fẹ́ iṣẹ́ yẹn tó. Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo bá ṣe, inú yàrá ẹlòmíràn ló ń wọ̀, kò sẹ́ni tó ń rí i mọ́. Ilẹ̀kùn mọ́sáláṣí yàtọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ kírun, ọwọ́ wọn á kàn án, bí mo bá tilẹ̀ ti kú. Ọ̀gá ní òun ò ní wo iṣẹ́ tí a ṣe fún oníbàárà o. Ilé oníkálukù lòun máa wá, òun á wo àga tí onílé fúnra ẹ̀ ń jókòó lé, níbẹ̀ lòun á ti mọ ẹni tó yẹ. Kò sì ní sọ ọjọ́.

Mo ní àga kan. Igi apá ni mo fi ṣe é, mo fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi ń dán bí ẹnu ọmọ tó jẹ epo. Láti ọjọ́ tí ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ yìí, mo fòfin de àga náà. Ìyàwó mi ò gbọdọ̀ jókòó lé e, Rísíkà ò gbọdọ̀ kó ìwé lé e. Èmi tí mo ni ín, ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni mò ń jókòó sí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ ń gbé férémù ilẹ̀kùn fún Àlàájì kan ní Akinmorin. Fóònù mi dún nínú àpò. Rísíkà ló fi mẹ́sẹ́jì ránṣẹ́. Bó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí, láìfi àmì kankan sórí ẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ ọ́ lórí fóònù:

"Boda mi, oga ti wa nile wa o. Ori aga yin ni palo lo wa. Ko soro, o kan n yi oju kaakiri ile ni. Mo bu omi fun un, ko mu. O da bi pe inu n bi i die, awo e ti n yi pada. E tete maa bo ke wa wo o. Ti e ba de, e rora wole, e ma pariwo."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sọ̀rọ̀. Ó ń yí ojú káàkiri. Àwọ̀ ẹ̀ ti ń yí padà. Ta ló tún kù tí ó lè jẹ́ bí kì í bá ṣe ọ̀gá mi? Ó yẹ kí n ti fura níbì kan. Rísíkà kì í pe àgbà ní "ó". Kódà "wọ́n" ló ń pe ìyá tó ń ta epo níwájú ilé wa, tí kò sì ju ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ìkánjú ló fà á. Mo pè é, wọ́n ní fóònù náà wà ní pípa. Láti àárọ̀ ló ti ń ráhùn pé bátìrì òun fẹ́ kú.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni aṣọ ọrùn mi. Ṣòkòtò tí a fi ń kun fánííṣì ni mo wọ̀, ojú ihò orúnkún ẹ̀ sì tóbi. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún Àlàájì. Èèyàn dáadáa ni. Kò tilẹ̀ bi mí nípa férémù tó dúró lẹ́sẹ̀ kan. Ó wọlé, ó gbé agbádá tó fi ń lọ sí Jímọ̀ jáde, funfun báláú.

"Máa wọ̀ ọ́ lọ," ó ní. "Ọ̀gá ẹni ni ọ̀gá ẹni."

Àlàájì sanra tó èmi méjì. Mo kó sínú agbádá náà bí ẹni tó kó sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Mo dá ọ̀kadà dúró, a gbéra. Àṣé agbádá àti ọ̀kadà ò jọ ń rìn. Bí atẹ́gùn ṣe kó sí i, ó wú, apá òsì bo ojú ọlọ́kadà, apá ọ̀tún ń na àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ ká aṣọ yín, mi ò ríran," ọlọ́kadà ní.

"Máa lọ, ọ̀gá wà lórí àga mi."

"Ṣé ó kan èmi ni?"

Bí a ṣe wọ Fìdítì, mo rántí pé èèyàn ò gbọdọ̀ kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo ra ọ̀pẹ̀yìnbó méjì lẹ́bàá títì, mo tún ra àkùkọ adìẹ kan. Ọ̀pẹ̀yìnbó jókòó jẹ́ẹ́. Àkùkọ náà ò jókòó. Inú agbádá ló wọ̀ lọ, ó ń wá ibi tí á gbà jáde, gbogbo ibi tó bá sì ti rí ara mi níbẹ̀, ó ń sọ ọ́. Bí a ṣe dé iwájú ilé, ọlọ́kadà wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú aṣọ yìí?"

Mo bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Rísíkà ní kí n rọra wọlé, mo rọra wọlé. Mi ò gbójú sókè. Òfin ọ̀gá ò jẹ́ kí n gbójú sókè. Bí mo ṣe tẹ ẹsẹ̀ kan wọ pálọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá Àlàájì, mo di àkùkọ mú lọ́wọ́ ọ̀tún, mo kó ọ̀pẹ̀yìnbó sábẹ́ àgbọ̀n mi.

"Ọ̀gá, ẹ kú àbọ̀. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ dákun, ẹ má bínú pé ẹ ò bá mi nílé, iṣẹ́ tí ẹ kọ́ mi náà ni mo lọ ṣe."

Kò dáhùn. Mi ò retí pé kó dáhùn kíákíá.

"Ẹ wo àga náà dáadáa, sà. Bí ẹ bá rí ibi tó wọ́, ẹ fọwọ́ kàn án."

Mo gbọ́ tí Rísíkà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láti igun yàrá: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra o, ẹ máa dẹ́rù bà á." Ó dùn mí. Ṣé irú èyí ni wọ́n ń kọ́ wọn nílé ìwé gíga? Mo ń bá ìkíni mi lọ. Mo sọ fún ọ̀gá pé kò sẹ́ni tó mọ igi bíi tiẹ̀ láti ibí dé Ìbàdàn. Mo sọ pé bí mo bá ní ọmọkùnrin mìíràn, orúkọ ẹ̀ ni n ó sọ ọ́. Ìgbà tí ìyàwó mi gbọ́ ohùn mi, ó jáde láti kíṣìnì, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó wò mí, ó wo àga.

"Bàbá wọn," ó ní, "ta lẹ dọ̀bálẹ̀ fún?"

Ìgbà náà ni mo wá rú òfin ọ̀gá. Mo rọra gbójú sókè. Mo rí ẹsẹ̀ àga. Mo rí ibi ìjókòó, kò sí agbádá níbẹ̀, kò sí orúnkún níbẹ̀. Mo gbójú dé ibi tí apá àga wà, mo rí ọwọ́ kan tó dì í mú. Ọwọ́ náà kéré, àwọ̀ ewé ni, ìka ẹ̀ sì pín sí ọ̀nà méjì bí ẹmú. Mo wá rí ojú ẹ̀. Ojú kan ń wo èmi. Èkejì ń wo àkùkọ.

Ọ̀gà ni. Èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní agẹmọ. Ọ̀gà tòótọ́, tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ò dá lójú, tí ìyá mi àgbà máa ń sọ nípa ẹ̀ pé bó bá fi lè mú àwọ̀ aṣọ èèyàn, ó ti mú nǹkan mìíràn lára onítọ̀hún lọ nìyẹn. Mo sì ti tú gbogbo inú mi fún un.

Mi ò lè sọ ní pàtó ohun tí mo ṣe lẹ́yìn èyí. Ìyàwó mi ní mo kọ́kọ́ ké bí ewúrẹ́. Mo fẹ́ dìde, mo tẹ etí agbádá, agbádá fà mí padà, mo tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì fún ọ̀gà. Àkùkọ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fò lé orí tẹlifíṣọ̀n. Èmi náà fò lé àpótí tí mo fúnra mi kàn, tí mo máa ń fi yangàn fún oníbàárà pé erin lè dúró lé e. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan yẹ̀ lábẹ́ mi. Ibi tí mo ṣubú sí, ọ̀pẹ̀yìnbó ló wà níbẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, ọ̀gà ò kúrò lórí àga. Ó kàn gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń mì í lọ mì í bọ̀, ó ń ronú.

"Rísíkà," mo ní, "o ní ọ̀gá mi dé."

"Bọ̀ọ̀dá, ọ̀gà ni mo kọ, mi ò kọ ọ̀gá. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ wá wò ó bí ẹ bá wà nílé, mo wá rò pé bí ẹ bá ti ibi jíjìn wá, ó kéré tán ẹ máa wò ó lẹ́ẹ̀kan."

"Kí ló gbé e dórí àga mi?"

"Ó ń sọdá títì, mọ́tò ì bá tẹ̀ ẹ́. Orí àga yín nìkan ló jọ igi dáadáa nílé yìí."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú tàbí kí n dúpẹ́. Mo ní kó gbé e jáde kíákíá, kó lọ gbé e sórí igi ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí n má ṣe rí i mọ́. Ó na apá, ọ̀gà gun apá ẹ̀ bí èrò tó ń wọ mọ́tò, wọ́n jáde. Ìyàwó mi mú àkùkọ, ó wọ kíṣìnì lọ, mo sì ń gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín fún àwọn ìkòkò.

Mo jókòó sílẹ̀, mo ń gbìyànjú láti ti ẹsẹ̀ àpótí padà sínú ihò ẹ̀. Fóònù dún. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni, n kì í sì í gbé irú ẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mẹ́sẹ́jì wọlé láti nọ́ńbà yẹn kan náà:

"Oga ti de enu ona yin o. Se ki n mu won wole?"

Mo rò pé Rísíkà ti lọ gba fóònù ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń gbé ìkejì ilé, eré ló sì tún ń bá mi ṣe. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni "won". Wọ́n. Ọ̀kan péré ló gbé jáde, ó ti di ọ̀pọ̀. Mo tẹ èsì:

"Ma mu won wole rara. Eyi to ba fi ese kan wole, igbale ni n o fi gba a jade. Ko won lo sori igi osan, ki won lo maa je esinsin."

Mo fi ránṣẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo tún mú ìgbálẹ̀ dání, bó bá lọ di ọ̀ràn pé ó fẹ́ ṣorí kunkun.

Mo wá gbọ́ ohùn kan tí mi ò lè gbàgbé títí ayé, ohùn tó máa ń sọ pé "Ó tó".

"Sùlé, tún un kà."

Sùlé ọlọ́kadà, ẹni tó ni nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ yẹn, tún un kà sókè, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń gbádùn ara ẹ̀. Nígbà tó dé ibi eṣinṣin, ó dúró, ó ní, "Bàbá, ó ní kí ẹ lọ máa jẹ eṣinṣin."

Mo sáré jáde. Ọ̀gá mi jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà Sùlé níwájú ilé, kò tíì sọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kì í wọlé onílé láìránṣẹ́ wọlé ṣáájú. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, agbádá Àlàájì sì ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Ìgbà tí mo dé ilẹ̀ tán ni mo rí i pé ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ó ti mú un dání lóòótọ́," Sùlé ní.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ẹ̀yin kọ́ ni. Ọ̀gà ni. Mo rò pé ọ̀gà ni ọ̀gá. Kí ẹ tó dé, mo ti kọ́kọ́ rò pé ọ̀gá ni ọ̀gà."

Mo mọ̀ láìgbójú sókè pé àwọ̀ ojú ọ̀gá ti ń yí padà. Mo rí ilẹ̀kùn mọ́sáláṣí tó ń lọ lójú mi, pákó kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọṣẹ́ mìíràn tí kì í halẹ̀ ìgbálẹ̀ mọ́ àgbà.

"Ọ̀gà wo?" ni ohun tó wá bi mí.

Rísíkà ló gbà mí. Ó ti ẹ̀gbẹ́ ilé yọ, ọ̀gà jókòó sí apá ẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò yọ ìdọ̀bálẹ̀ mi sílẹ̀, kò yọ orúkọ ọmọ tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀. Ó yẹ kó yọ ìyẹn sílẹ̀. Bó ṣe ń rò ó, mo ń gbọ́ ohùn kan lókè orí mi tí mi ò gbọ́ rí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá mi ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ń jáde bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Gbé e wá," ó sọ fún Rísíkà. "Ìwọ, lọ gbé àga náà jáde."

Mo gbé àga jáde sábẹ́ igi ọsàn. Ọ̀gá sọ̀ lórí ọ̀kadà, ó fi ọwọ́ ra apá ẹ̀, ó fi ra ẹ̀yìn ẹ̀, ó jókòó. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ọ̀gà ló ń wò. Ìyàwó mi gé ọ̀pẹ̀yìnbó tí mo ṣubú lé wá, ó gbé e ka iwájú ọ̀gá, eṣinṣin kan sì bà lé etí àwo.

"Ẹ má mira," Rísíkà ní.

Ọ̀gà yí ojú méjèèjì sọ́dọ̀ eṣinṣin náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó mì í, ó tún gbé e padà síbi tó ti mú un. Ó la ẹnu díẹ̀. Mi ò rí ohun tó jáde. Eṣinṣin wà níbẹ̀, eṣinṣin ò sí níbẹ̀ mọ́, ọ̀gà ń jẹnu.

"Lá hàù lá," Sùlé ní, ó sì bọ́ fìlà.

"Ahọ́n ẹ̀ gùn ju òun fúnra ẹ̀ lọ," Rísíkà ní.

"Irú ẹ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ọ̀gá ní. "Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti kọ́ pé kí n máa wọn igi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé e. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀." Ó wá yíjú sí mi. "Na ọwọ́ ẹ."

"Èmi, sà?"

"Bí ó bá rìn láti ìka ẹ dé ìgbọ̀nwọ́ tí o ò sá, iṣẹ́ ilẹ̀kùn ti di tìẹ nìyẹn. Ẹni tó bá ń sá fún ohun tó ń gbé inú igi, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ohun tí igi ń sọ?"

Mo wo Rísíkà. Mo wo ìyàwó mi tó ti di igi mú kó má baà ṣubú nítorí ẹ̀rín. Mo na ọwọ́, mo sì di ojú mi pinpin. Nǹkan tútù kan di ìka mi mú, lẹ́yìn náà òmíràn.

"La ojú," ọ̀gá ní. "Àánú ara ẹ ò ṣe ẹ́?"

Mo la ojú. Mo retí ohun búburú. Ohun tí mo rí ni ara kan tó dà bí èyí tí wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò sí èyí tó yà kúrò lójú ìlà. Ojú ẹ̀ dà bí òkè kékeré, ihò tín-ín-rín kan wà lórí ẹ̀, ó sì ń yí bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Mo rí ìka ẹ̀ bó ṣe di awọ ara mi mú láìṣe mí léṣe, mo sì rò ó pé kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó lè ṣe irú oríkèé yẹn, ọ̀gá mi náà ò lè ṣe é. Ó gbé ẹsẹ̀, ó mì, ó wọ̀n, ó tẹ̀. Mi ò sá. Mi ò mọ̀gbà tó dé ìgbọ̀nwọ́ mi, torí mo ti ń wò ó.

Kò dúró ní ìgbọ̀nwọ́ o. Ó gun èjìká, ó gun ọrùn, ó lọ jókòó sí àtàrí mi. Mi ò lè pariwo níwájú ọ̀gá, mi ò sì lè mira. Báyìí ni mo ṣe dúró bí òpó, tí ọ̀gá mi ń jẹ ọ̀pẹ̀yìnbó, tí Sùlé ń bá a jẹ, tí ẹnikẹ́ni ò sì rántí sọ fún mi pé, "Ó tó." Ìgbà tí Rísíkà wá gbé e kúrò, ó ti fi ohun kan sílẹ̀ fún èjìká agbádá Àlàájì, tí ìyàwó mi fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó ṣí kúrò.

Bí ọ̀gá ṣe ń gun ọ̀kadà padà, ó nawọ́ láti ìta sí àpótí tó wà lójú ilẹ̀ ní pálọ̀, tó ti ku ẹsẹ̀ mẹ́ta. "Kọ́kọ́ lọ tún ìyẹn ṣe," ó ní. "Lẹ́yìn náà, o lè bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀kùn."

Ilẹ̀kùn náà wà ní Ìlọrà lónìí, ẹ lè lọ fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo sì kọ́ ni pé àmì kékeré tí àwọn tíṣà wa máa ń fi sórí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Rísíkà ti kọ́ mi ibi tó wà lórí fóònù, ó máa ń pẹ́ kí n tó rí i, ṣùgbọ́n mi ò tún ní kọ̀wé sí bàbá yẹn láìfi í sí i mọ́. Mo sì ti mọ̀ pé ohun tí mo ti ń sá fún láti kékeré, mi ò tíì wò ó rí. Láàárọ̀, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń dúró lábẹ́ igi ọsàn, màá máa wá a láàárín ewé títí n ó fi rí i. Nígbà mìíràn, ojú ẹ̀ kan á ti rí mi kí n tó rí i. Màá kí i pé ó kú àárọ̀.

Mi ò dọ̀bálẹ̀ o. Èyí tí mo ṣe fún un lọ́jọ́ yẹn ti tó o títí ayé. Bí mo bá sì ti rántí, èmi nìkan á bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ igi, ìyàwó mi á sì bi mí láti kíṣìnì pé, "Bàbá wọn, ṣé ọ̀gá ti jí?"